Kí Ẹ Tó Fọ Inú Yín: Ohun Tí Ojú Mi Ti Rí ní Àbújá

Bí ọdún bá ti tán, tí àwa tá a lọ ṣọdún nílé bá ti padà dé Àbújá, ọ̀rọ̀ fífọ inú ló máa ń gbòde. Ẹ ó gbọ́ ọ ní ọ́fíìsì, ẹ ó gbọ́ ọ nínú mọ́tò Kubwa, ẹ ó gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóògùn tó ń fi gbohùngbohùn polówó ọjà ní Nyanya. Aṣọ ti ń fún ìkùn, ẹran ọdún àti iyán òru ò tíì kúrò lára, ọyẹ́ sì ti gbẹ èèyàn débi pé ètè ń là. Oníkálukú á wá ohun tí yóò mu tí inú yóò fi mọ́. Àwọn kan á ra tíì tí wọ́n ń pè ní detox, àwọn kan á ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, àwọn míràn á ní omi èso nìkan làwọn ó máa mu fún odindi ọ̀sẹ̀.

Èmi náà máa ń tún ara mi ṣe lẹ́yìn ọdún, ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe é. Ó ń ṣe mí láǹfààní: oorun mi ń dùn sí i, inú mi kì í wú mọ́, mo sì ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láìmí gúlegúle. Nítorí náà mi ò kọ èyí láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ohun tó ń dùn mí ni àwọn tí mo mọ̀ tí wọ́n ti ibi fífọ inú dèrò ilé ìwòsàn, nígbà tó jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá kó wọn yọ: oògùn wo lẹ ti ń lò tẹ́lẹ̀?

Àbúrò ọkọ mi ló kọ́kọ́ bi mí ní ìbéèrè yẹn. Apoògùn ni, apá Gwagwalada ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti wà nílé kí n tó wọlé ọkọ, nítorí náà mi ò lè pe orúkọ rẹ̀. Eyínfúnjowó ni mò ń pè é, òun náà sì ń pè mí ní ìyàwó wa. Ó wá kí wa ní Sátidé kan nínú oṣù kìíní, ó bá páálí tíì lórí tábìlì. Àwa obìnrin ọ́fíìsì la dá owó jọ rà á, tèmi àti ti ọkọ mi ló wà níbẹ̀. A ò tíì tú u.

Ó gbé páálí náà lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó ń fi èékánná tẹ̀lé àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ewé tútù àti obìnrin oníbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n yà síwájú. Lẹ́yìn, ó ka orúkọ atalẹ̀, ó ka ti ọsàn wẹ́wẹ́, ó wá dúró lórí ọ̀rọ̀ kan: senna.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ mọ èyí?"

Mo ní mi ò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Àwọn Hausa ń pe irú kan rẹ̀ ní filasko. Ẹbí kan náà ni òun àti asúnwọ̀n tí màmá wa máa ń sè fún wa tí inú bá ti kún jù. Ewé ìyàgbẹ́ ni. Ó máa ń ru ìfun sókè, á sì jẹ́ kí omi pọ̀ nínú ìgbẹ́. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò ju ìyẹn lọ." Ó gbé páálí náà kalẹ̀. "Kí ni bọ̀dá mi ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru báyìí?"

Mo lọ kó oògùn ọkọ mi wá. Amlodipine ni ọ̀kan, ìkejì ni hydrochlorothiazide, èyí tó máa ń jẹ́ kó tọ̀ dáadáa. Eyínfúnjowó tẹ́ ìdì méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí tíì, ó wá ṣàlàyé fún mi bí ẹni ń kọ́ ọmọ níwèé. Oògùn tó ń mú un tọ̀ yẹn, bó ṣe ń lé omi jáde ló ń lé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium jáde. Senna náà, bó ṣe ń lé omi gba ọ̀nà ìgbẹ́, potassium yẹn náà ló ń bá a lọ. Bẹ́ẹ̀, potassium yìí wà lára ohun tí iṣan ara àti ọkàn fi ń ṣiṣẹ́. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ á rọ, iṣan á máa fà, ọkàn fúnra rẹ̀ lè máa lù ségesège. Ká wá fi kún un pé omi ti dín kù lára, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà níbẹ̀ tó ń fa ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀: èèyàn á dìde lórí ibùsùn lóru láti lọ yàgbẹ́, òòyì á kọ́ ọ, yóò ṣubú ní balùwẹ̀.

Ó ní tó bá jẹ́ lisinopril ni bọ̀dá òun ń lò, kíndìnrín ni òun ì bá máa bẹ̀rù fún jù, nítorí oògùn yẹn àti ara tí omi ti tán nínú rẹ̀ kì í bára wọn gbé dáadáa. Ó tún béèrè bóyá ó ń lo ibuprofen tàbí diclofenac fún ẹ̀yìn tó máa ń dùn ún. Ó máa ń lò ó lóòótọ́, kò kàn sẹ́ni tó ka ìyẹn sí oògùn nílé wa. Ó ní oògùn ara ríro yẹn náà ń ni kíndìnrín lára. Tó bá pàdé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bíi lisinopril àti oògùn ìtọ̀, tí ìgbẹ́ gbuuru tún wá kún un, kíndìnrín èèyàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ẹnìkan lè mu tíì kan kó má ṣe é ní nǹkan kan, kí ẹlòmíràn mu ún kó gbé e dé ẹnu ọ̀nà sàréè. Nítorí náà, ẹ̀rí ọ̀rẹ́ yín pé "èmi mu ún, ara mi sì le" kò tó. Ọ̀rẹ́ yín ò bá yín pín oògùn lò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti nọ́ńbà NAFDAC níbí, nítorí ibẹ̀ ni mo ti ń rí àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń ṣìnà. Nọ́ńbà wà lára páálí tiwa. Ṣùgbọ́n ní abẹ́ rẹ̀, ní lẹ́tà tó kéré ju gbogbo ìyókù lọ, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé NAFDAC kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ọjà náà ń ṣe wò. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ oògùn ìbílẹ̀ tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó bá yẹ páálí wò dáadáa á rí i. Nọ́ńbà náà kò túmọ̀ sí pé ìjọba ti jẹ́rìí sí i pé ó ń fọ ẹ̀dọ̀ tàbí pé ó ń yọ ikùn. Síbẹ̀, ẹ má ra èyí tí kò ní in rárá, pàápàá àwọn tí wọ́n ń tà lórí fóònù pé ó ń mú èèyàn fọn lójú ẹsẹ̀. Ní 2010 ni wọ́n kó oògùn kan tó ń mú èèyàn fọn, tí wọ́n ń pè ní sibutramine, kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù nítorí pé ó lè fa àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, àwọn aláyẹ̀wò láwọn orílẹ̀-èdè kan ṣì ń bá a nínú tíì àti kápúsù tí wọ́n kọ "ewé nìkan" sí lára. Bí tíì kan bá jẹ́ kí àyà yín máa lù kìkì, tí oorun ò kùn yín, tí oúnjẹ sì ń rí yín lára, ẹ má dúpẹ́ pé ó ń ṣiṣẹ́. Ẹ jù ú sílẹ̀, kí ẹ sì kó páálí rẹ̀ lọ fún NAFDAC. Wuse Zone 7 ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni tó bá ń gbé Àbújá.

Mo ti bi Eyínfúnjowó nígbà kan pé ìdọ̀tí wo gan-an ni tíì wọ̀nyí ń fọ̀. Ó ní òun náà ń wá ẹni tó máa dárúkọ rẹ̀ fún òun. Ẹ wò ó, Olódùmarè ti fi ohun tó ń fọ ara sínú ara. Kíndìnrín méjèèjì ń ṣiṣẹ́ asẹ́ tọ̀sántòru: omi tí wọ́n ń sẹ́ látinú ẹ̀jẹ̀ lóòjọ́ tó nǹkan bí 180 lítà, wọ́n á dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ padà fún ara, lítà kan sí méjì ló máa ń jáde bí ìtọ̀. Ẹ̀dọ̀ ń fọ́ ọtí àti oògùn tá a ń mu sí wẹ́wẹ́, ó sì ń sọ májèlé tó ń jáde látara ẹran, ẹja àti ẹ̀wà tá a jẹ di ohun tí kíndìnrín lè tọ̀ dànù. Ẹ̀dọ̀fóró ń mí tiẹ̀ síta. Bí iṣẹ́ wọ̀nyí bá dúró lóòótọ́, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ìyeyè, ẹsẹ̀ á wú, èèyàn á sì máa sọ ìsọkúsọ. Kò sí tíì tó lè gbà á, ilé ìwòsàn ló kàn.

Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ ni ìwọ̀n. Wọ́n á gun ìwọ̀n lọ́jọ́ Ajé, wọ́n á tún gùn ún lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n á rí i pé kílò méjì tàbí mẹ́ta ti lọ. Omi ló lọ. Ara máa ń fi agbára pamọ́ sínú ẹ̀dọ̀ àti iṣan, omi tó máa ń bá agbára náà gbé tó ìlọ́po mẹ́ta ìwọ̀n rẹ̀. Téèyàn ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ara á ná an, omi náà á sì jáde. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jẹ ẹ̀bà padà ló ń wọlé padà. Ti ewé ìyàgbẹ́ tiẹ̀ tún yàtọ̀: ìfun ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́ jù, bẹ́ẹ̀ inú ìfun kékeré ni ara ti gba ọ̀rá àti ṣúgà oúnjẹ tán kó tó débẹ̀. Ohun tó ń lé jáde ni omi, iyọ̀ ara àti ìdọ̀tí tí ì bá jáde fúnra rẹ̀ lọ́la.

Májèlé gidi wà o, àti òkè Ọya níbí ni mo ti gbọ́ ìtàn tó bani nínú jẹ́ jù nípa rẹ̀. Ní 2010, ní ìpínlẹ̀ Zamfara, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kú ní àwọn abúlé bíi Dareta àti Yargalma. Àwọn òbí wọn ń wa góòlù, wọ́n ń kó òkúta rẹ̀ wálé, wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú àgbàlá. Òjé wà nínú òkúta náà, eruku rẹ̀ sì ń wọ inú ọmọ. Àwọn ọmọ tó kú lé ní 400. Ẹgbẹ́ dókítà tí wọ́n ń pè ní MSF ló wá tọ́jú àwọn tó yè. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò láti mọ bí òjé ṣe pọ̀ tó, wọ́n fún wọn ní oògùn tó ń di mọ́ òjé kí wọ́n lè tọ̀ ọ́ jáde, wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò léraléra. Ní tòótọ́, ìtọ́jú náà ò lè gbà bí òjé bá ṣì wà nínú ilẹ̀ tí ọmọ ń ṣeré lórí rẹ̀, nítorí náà ni àwọn ikọ̀ míràn fi ha erùpẹ̀ àgbàlá kúrò, tí wọ́n da òmíràn sí i. Ní Bagega, ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ọdún 2013 ni iṣẹ́ ìfọ̀mọ́ yẹn tó ṣeé ṣe. Mo máa ń ronú kàn án nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ pé ife tíì kan ń lé "gbogbo májèlé" jáde. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà mọ orúkọ májèlé tí wọ́n ń lé, wọ́n mọ iye rẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kọ́kọ́ dí ibi tó ń gbà wọlé.

Nínú àwa tá a jọ dáwó ra tíì, obìnrin kan wà tí a jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì, ẹni pẹ̀lẹ́ ni, ẹ̀gbọ́n mi ni lọ́jọ́ orí. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, glibenclamide ló ń lò. Mo sọ fún un ohun tí Eyínfúnjowó sọ, ó ní òun ò ní mu tíì mọ́, omi èso àti omi ewé nìkan lòun máa mu. Ó rò pé èyí kò lè ní wàhálà nínú, èso ló sáà jẹ́. Nígbà tó di bí ọjọ́ kẹta, láàárọ̀, mo rí i pé ó kàn ń wo kọ̀ǹpútà láìtẹ nǹkan kan. Mo kí i, kò dáhùn. Òógùn bò ó nínú ọyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń sọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀. Ṣúgà ara rẹ̀ ti já wálẹ̀ pátápátá: ó lo oògùn tó ń lé ṣúgà sílẹ̀, kò sì jẹ oúnjẹ tí oògùn náà máa bá pàdé. Ọlọ́run ló yọ ọ́. Ẹnìkan sáré po ṣúgà sómi, ó ṣì lè gbé e mì, a fi mọ́tò gbé e lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n dá a dúró sùn níbẹ̀, nítorí glibenclamide máa ń pẹ́ nínú ara, ṣúgà náà sì lè tún já.

Ẹnikẹ́ni tó bá ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tàbí tó ń lo glibenclamide tàbí glimepiride, kò gbọ́dọ̀ fi oúnjẹ sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà ti tún ìwọ̀n oògùn rẹ̀ ṣe. Ààwẹ̀ náà wà lára rẹ̀. Tí Ramadan tàbí Lẹ́ńtì bá ti ń bọ̀, ẹ lọ rí dókítà ṣáájú, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń yí àkókò oògùn padà. Tí ẹ bá rí ẹni tó dákú nítorí ṣúgà, ẹ má da nǹkan sí i lẹ́nu, kó má lọ gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e, ẹ máa lọ sílé ìwòsàn.

Báwo lèmi wá ṣe ń ṣe tèmi? Ilé àyẹ̀wò ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á wo ṣúgà mi láìtíì jẹun, wọ́n á wo kíndìnrín àti iyọ̀ ara, wọ́n á wo ẹ̀dọ̀, wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Nígbà àkọ́kọ́, mo ṣe ti hepatitis B náà, mo sì rọ gbogbo ẹni tí kò tíì ṣe é rí pé kí wọ́n ṣe é. Àrùn yìí pọ̀ ní Nàìjíríà, ó lè wà nínú ẹ̀dọ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí ìrora kankan. Ẹni tó bá ní i tí kò mọ̀, tó wá ń da àgbo líle lé e lórí pé òun ń fọ ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀ náà gan-an ló ń dá lóró. Ẹni tí kò bá sì ní i lè gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń mú nǹkan kúrò lẹ́nu mi díẹ̀díẹ̀. Mínírà àti mọ́ọ̀tì ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹran díndín àti súyà alẹ́ tẹ̀lé e. Mi ò kí í já kọfí lójijì mọ́, mo ń dín in kù láti ife méjì sí ẹyọ kan, sí ààbọ̀, nítorí ẹni tó bá já a lẹ́ẹ̀kan náà, orí á fẹ́rẹ̀ẹ́ là á sí méjì. Àwọn olùtà detox máa ń sọ pé orí fífọ́ náà ni májèlé tó ń jáde. Irọ́ ni, ara ló ń wá kọfí tó ti mọ́ ọn lára.

Àkókò yìí ni inú mi máa ń dùn pé òkè Ọya ni mò ń gbé, nítorí oúnjẹ tó dára wà níbí lọ́pọ̀ yanturu. Acha, ọkà wínníwínní tó ń wá láti apá Jos, mo máa ń sè é bí ìrẹsì, mo sì ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀fọ́. Ògì bàbá láìfi ṣúgà pọ̀ jù sí i. Zogale, ìyẹn ewé moringa, tí wọ́n pò pẹ̀lú kúlíkúlí, tomátì àti àlùbọ́sà, ìyẹn ni mo fẹ́ràn jù. Obìnrin Hausa tó ń tà á ládùúgbò wa ti mọ̀ pé mi ò fẹ́ magí púpọ̀ nínú tèmi. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹja tútù. Nígbà tí ọwọ́ bá tẹ mọ́tò, a máa ń lọ sí ọjà Zuba lọ ra ìbẹ́pẹ, ọsàn àti ọ̀pẹ òyìnbó, a jọ ń pín in láàárín ìdílé méjì tàbí mẹ́ta. Mo ń jẹ èso náà tòun ti ẹran ara rẹ̀. Tí ẹ bá fún omi rẹ̀ tí ẹ da ìyókù nù, ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn yàgbẹ́ dáadáa lẹ dànù yẹn, ṣúgà ló kù nínú ife. Fún ẹni tí ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ púpọ̀ bá jẹ́ tuntun sí, kó bù ú jẹ níwọ̀nba ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú á kùn, á sì wú.

Tá a bá fi èyí ṣe ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ìgbẹ́ á máa lọ bó ṣe yẹ láìsí ewé kankan. Mo ń jẹun alẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú jù, a sì ń rìn ládùúgbò ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí oòrùn bá ti rọlẹ̀. Ọyẹ́ Àbújá máa ń fa omi ara láìjẹ́ kí òógùn hàn, nítorí náà mo máa ń gbé omi dání kódà nígbà tí òùngbẹ ò gbẹ mí. Àwọ̀ ìtọ̀ ni mo fi ń mọ̀ bó bá tó: tó bá ti pọ́n bí tíì, omi ti kéré. Àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa fi omi rọ ara rẹ̀ bí àgbá. Omi àmujù náà ń ṣe jàǹbá, ẹni tí dókítà sì ti ní kó ṣọ́ omi mu nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín, ohun tí dókítà sọ ni kó tẹ̀ lé.

Zobo ṣe dáadáa tí kò bá ní ṣúgà, ó sì máa ń fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ díẹ̀. Ìyẹn gan-an ni ọkọ mi kì í fi í mu ún ní ife ńláńlá lórí oògùn. Ọsàn ńlá tó korò díẹ̀, tí òyìnbó ń pè ní grapefruit, kì í bá àwọn oògùn kan rẹ́, bíi nifedipine tó wà fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti simvastatin tó wà fún ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀. Ó ń jẹ́ kí wọ́n pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, kò gbọ́dọ̀ ṣàdédé sọ ẹ̀fọ́ tútù di oúnjẹ àárọ̀, ọ̀sán àti alẹ́, nítorí Vitamin K inú ẹ̀fọ́ á pa agbára oògùn náà. Lílọ ìdì ẹ̀fọ́ òyìnbó tútù mu lójoojúmọ́ pàápàá ti ba kíndìnrín àwọn kan jẹ́, nítorí èròjà oxalate tó pọ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn nǹkan kan wà tí mi ò ní fi ẹnu kàn láé lórúkọ fífọ inú. Epsom salt wà níbẹ̀: ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò lágbára kò lè tọ̀ ọ́ dànù, ó sì lè dá èémí dúró. Omi kánún náà wà níbẹ̀, iyọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ fún ẹni ẹ̀jẹ̀ ríru. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífi rọ́bà fọ ìdí, tí àwọn kan ń ṣe nílé fúnra wọn. Ó lè lu ìfun, ó sì lè kó kòkòrò sínú. Aláboyún, ìyá tó ń fún ọmọ lọ́yàn, ọmọdé, arúgbó tí ara rẹ̀ ò le àti ẹni tí ọgbẹ́ inú ń yọ lẹ́nu kò ní nǹkan ṣe nídìí ìyàgbẹ́ tàbí àìjẹun. Obìnrin tó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró, kó mọ̀ pé ìgbẹ́ gbuuru lè jẹ́ kí oògùn náà jáde láìṣiṣẹ́.

Màmá mi bi mí pé ṣé mo ti wá kọ asúnwọ̀n sílẹ̀ ni. Mi ò kọ̀ ọ́. Tí inú bá kún lóòótọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò sì lo oògùn kankan lè mu ún lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é látijọ́. Àwọn àgbà pàápàá kì í mu ún lójoojúmọ́ bí tíì. Ẹni tó bá sọ ọ́ di bárakú, ìfun rẹ̀ lè máa retí rẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá ti mu nǹkan kan, tí ìgbẹ́ gbuuru wá dé, ẹ má mu nǹkan náà mọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ ra ORS, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò sómi, ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, ẹ po ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sínú lítà omi mímọ́ kan, ìyẹn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ààbọ̀ lítà. Ẹ ré orí ṣíbí náà, kó má ga bí òkìtì. Kí ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n tí òòyì bá ń kọ́ yín tẹ́ ẹ bá dìde, tí ọkàn ń lù ségesège, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́, tí ìtọ̀ ò wá mọ́, tí ojú pọ́n bí ìyeyè, tàbí tí èébì ò jẹ́ kí omi dúró nínú, ẹ má wulẹ̀ po nǹkan kan. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí ẹ sì mú páálí ohun tẹ́ ẹ mu dání.

Ó ku àwọn ọkùnrin wa tó ń mu ọtí lójoojúmọ́. Ní oṣù kìíní, ìyàwó tàbí pásítọ̀ á ní kí wọ́n já a lẹ́ẹ̀kan náà, kí ara wọn lè mọ́. Ohun rere ni wọ́n ń fẹ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń mu púpọ̀ láràárọ̀ láti ọdún pípẹ́, tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò bá tíì mu, tó bá já a lójijì nílé, gìrì lè mú un láàárín ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀ ní bí ọjọ́ kejì sí ìkẹrin. Ó ń pa èèyàn. Detox tí àwọn dókítà ń sọ nípa ọtí nìyí: ilé ìwòsàn ni wọ́n ti ń ṣe é, wọ́n á fún un ní oògùn tí yóò pẹ̀tù sí ara rẹ̀ àti Vitamin B1, wọ́n á máa ṣọ́ ọ títí ewu á fi kọjá. Tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, ẹ bá a lọ rí dókítà kó tó ju ìgò sílẹ̀.